Ooru Ni Kọ́lájìn Ń Sá Fún: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìpẹ́ Ẹja Tí À Ń Dà Nù Ní Minna

Ní ọjà Kure ní Minna, bí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja tútù, ìpẹ́ ni ẹ ó máa tẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ pákó, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ó lẹ̀ mọ́ apá ẹni tó ń ha á. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, wọn a gbá a jọ, gọ́tà tàbí ààtàn ni yóò sì bá lọ. Ẹni tó ra ẹja kò béèrè rẹ̀, ẹni tó tà á kò gbówó lé e. Ohun tí mo fẹ́ fi sùúrù kọ́ yín ni bí a ṣe ń fa kọ́lájìn jáde lára ìpẹ́ yìí, àti lára awọ ẹja, kí a lè lò ó nínú ìpara. Bí ẹ ó bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ooru ni kí ẹ mú. Òun ló ń pinnu irú ẹja tí a ó lò, ibi tí a ó ti ṣiṣẹ́, ìgbà tí iṣẹ́ yóò bàjẹ́, àti orúkọ tó tọ́ láti kọ sára ìgò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Kọ́lájìn ni purotéènì tó pọ̀ jù lọ lára ẹranko elégungun. Ó tó nǹkan bí 30% gbogbo purotéènì ara wọn. Òun ló mú kí awọ le tí kì í fi í tètè ya, òun ló wà nínú egungun tí kì í fi í tètè kán, ó sì wà nínú ìpẹ́. Ẹ ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré: yàtọ̀ sí omi, kọ́lájìn ló pọ̀ jù nínú pọ̀nmọ́. Bí ẹ bá se bọ́kọtọ̀ pẹ́ lórí iná, tí ẹ gbé omi rẹ̀ sí ibi tútù mọ́jú, yóò dì. Èyí tó dì yẹn kì í ṣe kọ́lájìn mọ́. Jẹ́látìn ni, ìyẹn kọ́lájìn tí iná ti tú.

Báwo ni iná ṣe ń tú u? Ẹ ronú okùn tí a fi fọ́nrán mẹ́ta lọ́ pọ̀. Bí ẹyọ kọ́lájìn kan ṣe rí nìyẹn: ẹ̀wọ̀n mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra. Amino ásíìdì ni a fi to ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Bí a bá ń kà wọ́n lọ, ìkẹta kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ glycine, nítorí òun ló kéré jù, òun nìkan ló lè gba àárín ibi tí ẹ̀wọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fún mọ́ra. Láàárín glycine kan sí òmíràn, proline àti hydroxyproline ni a sábà máa ń bá pàdé. G. N. Ramachandran àti Gopinath Kartha ló dábàá ẹlẹ́wọ̀n-mẹ́ta yìí ní ìlú Madras ní ilẹ̀ Íńdíà lọ́dún 1954. Ẹyọ kan gùn tó nǹkan bí 300 nánómítà, ó nípọn tó 1.5 péré, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 300,000 Dalton. Ẹ fi iye tó kẹ́yìn yìí sọ́kàn. Yóò wúlò fún wa nígbà tí a bá dé orí ìpara.

Àwọn ìdè kéékèèké ló di ẹ̀wọ̀n mẹ́ta náà mú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lágbára. Bí wọ́n ṣe pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ooru bá dé, wọn a máa já, ẹ̀wọ̀n a tú, kì í sì í lọ́ padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru tó ń tú u kò dọ́gba fún gbogbo ẹranko. Kọ́lájìn cod, ẹja inú òkun tútù ìhà àríwá Yúróòpù, ti ń tú ní nǹkan bí 15°C. Ti èpìyà máa ń dúró títí di nǹkan bí 32 sí 36°C. Ti màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ súnmọ́ 40°C. Ẹja tó ń gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní hydroxyproline púpọ̀ nínú kọ́lájìn rẹ̀ ju ẹja omi tútù lọ, hydroxyproline yìí ló sì ń mú kí ẹ̀wọ̀n mẹ́ta náà di ara wọn mú gírígírí.

Ẹ wo ohun tí èyí já sí fún wa. Èpìyà tó dàgbà ní Odò Ọya tàbí nínú adágún Shiroro ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé inú omi gbígbóná, ara rẹ̀ sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ìpẹ́ rẹ̀ bá iṣẹ́ yìí mu ju ìpẹ́ ẹja òkun tútù èyíkéyìí lọ. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó ti mọ́ wa lára láti rò pé ohun èlò tó dára gbọ́dọ̀ ti òkèèrè wá. Nínú iṣẹ́ yìí, ti ilé ló dára jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sinmi. Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe, ọ̀sán Minna máa ń gbóná dé 38°C. Kọ́lájìn tó ṣì wà nínú ìpẹ́ lè fara da ìyẹn fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ẹyọ púpọ̀ ló sùn ti ara wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bo ara wọn. Ìgbà tó bá yọ́ sínú omi ásíìdì ni ewu dé. Ẹ gbé omi ọ̀hún sórí tábìlì lásán ní ọ̀sán oṣù Igbe, jẹ́látìn ni ẹ ó bá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníwádìí fi ń ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní 4°C, ìyẹn ìwọ̀n òtútù inú fìríìjì.

Fìríìjì kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí Minna wà, ni à ń pè ní Power State nítorí àwọn ìsédò tó ń fún Nàìjíríà níná: Kainji tí wọ́n parí lọ́dún 1968, Jebba, àti Shiroro tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1990. Omi Kainji tó ń yí ẹ̀rọ iná náà ló di adágún ńlá tí ẹja kún, adágún yìí ló sì bí ibùdó ìwádìí tó wà ní New Bussa, tí à ń pè lónìí ní National Institute for Freshwater Fisheries Research. Ní Minna fúnra rẹ̀, yunifásítì FUT Minna tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1983 ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ omi àti ẹja sísìn. Ẹja wà, ìmọ̀ wà. Iná tí kò ní já fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìkan ni ẹ ó fúnra yín ṣètò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìpẹ́ kankan: jẹnẹrétọ̀, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, tàbí kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀ tí ẹ ń pààrọ̀ yìnyín náà lóòrèkóòrè.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi lo awọ màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìpara ti ń lò wọ́n tipẹ́. Lọ́dún 1986 ni wọ́n dá àrùn wèrè màlúù mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1996, ìjọba ibẹ̀ kéde pé ó ṣeé ṣe kó ti ara màlúù dé ara ènìyàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wá orísun mìíràn. Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, Mùsùlùmí tó mọ̀ pé ó wà nínú ìpara kò ní fi í pa ara, Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Minna, bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Ìlọrin, Ìwó àti Ìbàdàn. Ẹja kò ní irú ìdínà bẹ́ẹ̀.

Apá wo lára ẹja? Awọ ló ń fúnni ní kọ́lájìn jù, ìpẹ́ kì í fúnni tó bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti ń bó ẹja kí wọ́n tó tà á, awọ pọ̀ nílẹ̀ bí nǹkan míì. Ní Fortaleza ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn dókítà ti lo awọ èpìyà odidi láti bo ojú egbò ẹni tí iná jó, láìfa kọ́lájìn rẹ̀ jáde rárá. Ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀. Tawọ-tawọ ni à ń jẹ ẹja. Àrọ̀, tí àwọn ará Minna ń pè ní tarwada, tó sì kún àwọn odò ẹja àtọwọ́dá wa, kò ní ìpẹ́ rárá, a kì í sì í bó awọ rẹ̀ dà nù. Ohun tí à ń dà nù ní tòótọ́ ni ìpẹ́ èpìyà, tí wọ́n ń pè ní karfasa, àti ti giwan ruwa, ẹja ńlá odò tí ìpẹ́ rẹ̀ tóbi. Nítorí náà mo fara mọ́ ọn pé kí ẹ fi ìpẹ́ bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló ń mú wá. Iṣẹ́ tí a bá gbé karí awọ ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti ń da awọ nù yóò kàn sọ oúnjẹ ènìyàn di ọ̀wọ́n ni.

Kí ẹ tó dé yàrá ìwádìí, ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ fọ ìpẹ́ èpìyà ńlá kan mọ́, ẹ fi í sínú fínígà láti àárọ̀ dé ọjọ́ kejì. Ẹ ó rí i pé ó ti rọ̀, ó ṣeé ká, kò sì dún mọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ásíìdì inú fínígà ti yọ èròjà líle kúrò, ìyẹn kálísíọ́ọ̀mù pẹ̀lú fọ́sífétì, irú èyí tó wà nínú eyín àti egungun. Púpọ̀ nínú ohun rírọ̀ tó kù lọ́wọ́ yín ni kọ́lájìn.

Ó tó àkókò láti ṣe é dáadáa. Ká sọ pé 100 giramu ìpẹ́ ni ẹ ní. Ìpẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ẹja ni kí ó jẹ́. Èyí tó ti sùn lórí ààtàn kò wúlò mọ́, kòkòrò àìfojúrí ti ń bà á jẹ́. Ẹ bá ẹni tó ń ha ẹja ṣe àdéhùn pé kó máa kó o sínú ọ̀rá, kó sì máa gbé ọ̀rá náà sínú kúlà, kí ẹ sì sanwó fún un. Ó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe pé ó ń fún yín ní ìdọ̀tí. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ léraléra.

Omi sódà ló kàn, sódà líle tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀. Ẹ wọn giramu 4 sínú lítà omi kan. Sódà ni kí ẹ dà sínú omi, ẹ má da omi lé sódà, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, nítorí ó lè fọ́ ojú. Ẹ rẹ ìpẹ́ náà sínú rẹ̀ nínú fìríìjì fún ọjọ́ kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi sódà náà ní wákàtí mélòó kan sí ara wọn. Kí nìdí tí a fi ń fi sódà ṣáájú? Sódà fífúyẹ́ tó tutù máa ń yọ́ purotéènì yòókù, ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ àti ọ̀pọ̀ ohun tó ń mú òórùn wá, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan kọ́lájìn púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ awọ ni ẹ ń lò, a máa ń tún fi ọtí butyl 10% yọ ọ̀rá rẹ̀, torí ọ̀rá tó bá kù yóò kan nígbà tó bá yá, ìpara yín yóò sì máa rùn. Ìpẹ́ kò lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn sódà, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí bébà pH yóò fi sọ pé kò sí sódà mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta jẹ́ ti ìpẹ́ àti egungun nìkan: yíyọ kálísíọ́ọ̀mù. EDTA ni a máa ń lò ní yàrá ìwádìí, ní ìwọ̀n 0.5 M (M ni móòlù nínú lítà kan) àti pH tó lé díẹ̀ ní 7, fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó máa ń di kálísíọ́ọ̀mù mú, á sì gbé e jáde. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ásíìdì tí ẹ ó dà sí i níkẹyìn yóò máa fi agbára rẹ̀ jẹ òkúta dípò kó wọ inú kọ́lájìn.

Ìgbà yìí ni ásíìdì tó ń fa kọ́lájìn jáde tó dé. Ásíìdì inú fínígà náà ni, acetic, ní ìwọ̀n 0.5 M, ìyẹn giramu 30 nínú lítà kan. Bí ìwé ara ìgò fínígà funfun bá sọ pé 5% ni, giramu 50 ló wà nínú lítà rẹ̀. Ẹ da mílílítà 600 rẹ̀ pọ̀ mọ́ mílílítà 400 omi, ẹ ti rí i nìyẹn. Mo ṣe ìṣirò yìí fún yín kí ẹ̀rù àmì M má bàa lé ẹnikẹ́ni sá. Ẹ fi ìpẹ́ sínú lítà kan rẹ̀, ẹ gbé e sí 4°C, ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìpẹ́ yóò wú, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Kíki yẹn ni kọ́lájìn.

Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ẹ máa bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí giramu 53 nínú lítà kan. Iyọ̀ yóò lé kọ́lájìn kúrò nínú omi, ẹ ó sì rí i tó ń so funfun. Ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá láti pín nǹkan sọ́tọ̀ ni a fi ń kó o jọ. Ẹ tún yọ́ ọ sínú ásíìdì díẹ̀, kí ẹ sì dà á sínú àpò tín-ín-rín tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí iyọ̀ lè jáde ṣùgbọ́n tí kọ́lájìn kò lè jáde, kí ẹ wá rẹ àpò náà sínú omi tí ẹ ń pààrọ̀. Gbígbẹ ló kù. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e sínú ààrò. Ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan dì kó tó fa omi rẹ̀ lọ nìkan ló yẹ ẹ́. Ohun funfun fífúyẹ́ ni yóò fún yín.

Àwọn kan máa ń fi pepsin, ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì, kún ásíìdì náà, iye kọ́lájìn tó ń jáde a sì pọ̀ sí i, nítorí pé pepsin ń gé ìdí ibi tí ẹyọ kan ti so mọ́ òmíràn láìtú ẹ̀wọ̀n mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Inú ikùn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú pepsin tí wọ́n ń tà fún yàrá ìwádìí jù lọ. Ẹni tó fi ẹja bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn Mùsùlùmí, tó wá fi pepsin ẹlẹ́dẹ̀ parí rẹ̀, ti ba ìlérí rẹ̀ jẹ́. Ẹ béèrè orísun rẹ̀ lọ́wọ́ olùtà, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Bí kò bá ní orísun mìíràn, ẹ fi díẹ̀ tí ásíìdì nìkan mú wá tẹ́ ara yín lọ́rùn.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé kọ́lájìn ló wà lọ́wọ́ yín, pé kì í ṣe jẹ́látìn? Ẹ yọ́ díẹ̀ sínú ásíìdì tútù, ẹ pín in sí ìgò méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ sínú fìríìjì. Ẹ gbé èkejì sínú omi 45°C fún wákàtí kan, kí ẹ sì dá a padà síbi tútù kí méjèèjì lè tutù dọ́gba. Bí èyí tó rí ooru bá ń ṣàn gaara nígbà tí èkejì ṣì ki, kọ́lájìn lẹ ní. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, ooru ti ṣáájú yín débẹ̀. Yàrá ìwádìí tó ní ohun èlò yóò fi ọ̀nà àyẹ̀wò purotéènì tí à ń pè ní SDS-PAGE wo ẹ̀wọ̀n α1 méjì àti α2 kan tó ń para pọ̀ di kọ́lájìn irú kìíní, yóò sì wọn hydroxyproline tó wà níbẹ̀.

A ti wá dé orí ìpara, ibi tí irọ́ pọ̀ sí jù. Ẹ rántí 300,000 Dalton. Lọ́dún 2000, Bos àti Meinardi kọ ọ́ pé ohun tó bá wúwo ju 500 Dalton lọ kò ní lè gba awọ ara tó dá ṣáṣá kọjá ní ìrọ̀rùn. Kọ́lájìn fi ìlọ́po 600 ju ìyẹn lọ. Nítorí náà kọ́lájìn inú ìpara kì í wọlé lọ rọ́pò èyí tó ń dín kù lábẹ́ awọ àgbàlagbà. Orí awọ ló ń jókòó sí. Ó ń di omi mú níbẹ̀, ó ń tẹ́ bí awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, awọ á rọ̀, á sì dán. Fún ẹni tí ọyẹ́ ń bù ní ojú àti ẹsẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, ó sì tó láti tà láìparọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́lájìn kó máa jẹ èso tó ní fítámìn C, nítorí láìsí i, ara kò lè ṣe hydroxyproline.

Nínú ìpara náà, ooru tún ń dúró dè yín. Nígbà tí a bá ń po epo mọ́ omi, a máa ń gbé méjèèjì dé nǹkan bí 70°C. Ẹni tó bá da kọ́lájìn sí i nígbà yẹn ti fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan se ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù sí ìsàlẹ̀ 30°C kí ẹ tó pò ó mọ́ ọn, kí ẹ sì fi èròjà tó ń dènà ìbàjẹ́ sí i, torí oúnjẹ ni kọ́lájìn jẹ́ fún kòkòrò àìfojúrí.

Ẹni tí kò ní fìríìjì tó ṣeé gbára lé ńkọ́? Ó lè fi omi 60 sí 70°C fa jẹ́látìn jáde lára ìpẹ́ tí a ti yọ kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀. Jẹ́látìn náà ń di omi mú lára awọ. Púpọ̀ nínú ìpara tó ń ti òkèèrè wọlé tí wọ́n kọ “hydrolyzed collagen” sí lára, kọ́lájìn tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe odidi. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí orúkọ tó wà lára ìgò bá ti bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Àjọ NAFDAC tó ń bójú tó irú ọjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ ìpara náà sílẹ̀ kó tó dé ọjà, kí ọ̀rọ̀ “ẹja” sì hàn kedere lára rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn kì í gba ẹja.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan Ìpínlẹ̀ Niger gan-an. Lọ́dún 2015, ní agbègbè Shikira, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, òjé tó jáde láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọdé 28. Bí irú òjé bẹ́ẹ̀ bá ṣàn wọ odò, ó lè wọ ara ẹja. Ibi tí kálísíọ́ọ̀mù ń gbé lára ni òjé fẹ́ràn láti sá sí, ìyẹn egungun àti ìpẹ́. EDTA lè gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín bóyá gbogbo rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà ẹ máa béèrè odò tí ẹja ti wá, ẹ kọ ọ́ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ran díẹ̀ lára kọ́lájìn tó ti gbẹ lọ sí yàrá tó lè wọn òjé, kí ẹnikẹ́ni tó fi í kan ojú ọmọ.